Márùn-ún Wọlé, Márùn-ún Jáde

Bí bàbá mi bá ti ìgbẹ́ ọdẹ dé, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí yóò fi jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Yóò gbé ìbọn ṣakabùlà lé itan, yóò kọ ẹnu rẹ̀ sí apá igbó, yóò tú nǹkan kékeré kan lára rẹ̀, yóò sọ ọ́ sínú àpò gbérí. Ìgbà náà ni yóò tó wò wá lójú, tí yóò ní, "Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni mo bá yín?" Òkè-Ògùn ni mò ń wí, nítòsí Ìgbòho. Mo kéré nígbà náà, mo sì gbà pé ọ̀kan nínú èèwọ̀ ọdẹ ni.

N kò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ìwé ni wọ́n rán mi lọ, ilé-ìwé ló sì gbé mi dé Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni mo ti wá di ọmọ iṣẹ́ ọdẹ, nígbà tí mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún, tí mo sì ti gba ìwé ọmọ ìlú. Mo dárúkọ ìwé náà torí pé ó ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá fi físà àlejò tàbí ti ọmọ ilé-ìwé wà níbẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ìbọn lọ́wọ́, àfi bí ó bá bọ́ sínú àyè díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀, irú bíi ti ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Àwọn ọmọ wa tí ọ̀rẹ́ ń pè lọ sóko ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n wádìí ìwé tiwọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀gá mi jẹ́ àgbàlagbà aláwọ̀ funfun kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí nítòsí Harrisburg. Láti kékeré ló ti ń pa àgbọ̀nrín. Orúkọ ni tọmọdé tàgbà fi ń pe ara wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. "Ọ̀gá" ni mò ń pè é, ó sì ti mọ ohun tó túmọ̀ sí. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọdẹ ni bàbá mi, ó bi mí léèrè irú ìbọn tó ń lò. Mo ṣàpèjúwe ṣakabùlà fún un, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé òun ní Sátidé, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ ṣe ìdánwò, nítorí pé ní Pennsylvania, ẹni tí kò ṣọdẹ rí gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ kí ó sì yege kí wọ́n tó ta ìwé àṣẹ ọdẹ fún un. Mo ṣe é, mo yege. Ọkàn mi sọ fún mi pé ìbọn yíyìn ló kàn.

Òun kọ́ ló kàn. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, òkú ọta oníke tí kò ní ẹ̀tù nínú la sì ń lò. Ìbọn náà ní irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní bolt. Bí o bá gbé e sókè tí o fà á sẹ́yìn, ihò ìdí ọ̀pá ìbọn yóò là sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọta tó kàn láti yìn máa ń jókòó sí. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ilé ọta wà, àpótí irin pẹlẹbẹ tí ó ń gba mẹ́rin, tí ó sì ṣe é yọ. Ohun tí Ọ̀gá ń kọ́ mi kò ju pé kí n yọ ilé ọta, kí n ṣí ìdí ọ̀pá, kí n wò ó, kí n sì fi ìka ọmọńdinrín wá inú ihò náà kiri. Ó ní bí ó bá ti rẹ ènìyàn tí ilẹ̀ sì ń ṣú, ohun tí ojú bá fẹ́ rí ló máa ń rí. Ìka ni yóò kan ọta bí ọta bá wà níbẹ̀. Bí a bá ṣe é tán, yóò ní kí n di ojú, kí n tún un ṣe. Yóò ní kí n wọ ìbọ̀wọ́ nípọn, kí n tún un ṣe. Ìka kò mọ nǹkan kan nínú ìbọ̀wọ́, nítorí náà bíbọ́ ìbọ̀wọ́ di ara iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè pé, "Mélòó ló wọlé? Mélòó ló jáde?" Mẹ́rin nínú ilé ọta, ọ̀kan ní ìdí ọ̀pá. Bí márùn-ún bá wọlé láàárọ̀, márùn-ún gbọ́dọ̀ wà ní àpò òsì mi nírọ̀lẹ́ kí n tó sún mọ́ ọkọ̀.

Òfin ọdẹ ìpínlẹ̀ náà le lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bí ó ṣe le. Ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní ìdí ọ̀pá, ìbáà jẹ́ nínú ilé ọta, kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀, kò gbọdọ̀ wà lórí ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ fara ti ọkọ̀. Ọkọ̀ ìbáà máa lọ, ìbáà dúró kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti tutù. Ọ̀rọ̀ "fara ti" yẹn yà mí lẹ́nu. Mo bi Ọ̀gá pé ta ló jókòó tó ronú débẹ̀. Ó ní àwọn tí ojú wọn ti rí i ni. Ọdẹ á ti igbó dé, á gbé ìbọn ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú okùn bàtà. Ara ọkọ̀ ń yọ̀. Bí ìbọn bá ṣubú, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò kọ sí.

Mo gbọ́ gbogbo èyí, mo sì mọ̀ ọ́n lórí. Ọjọ́ kejì tí a wọ igbó ni mo ṣe é.

Àkókò ọdẹ ń parí ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Òtútù ti mú ìka mi gan bí igi, a kò sì rí ẹran kankan. Bí a ṣe dé ibi ọkọ̀, mo yọ ilé ọta lára ìbọn, mo sọ ọ́ sápò, mo gbọ́ bí ó ṣe ró, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo gbé ìbọn ti ilẹ̀kùn kí n lè wá kọ́kọ́rọ́ nínú ṣòkòtò.

"Mélòó?" Ọ̀gá bi mí láti ẹ̀yìn.

Mo ní, "Mẹ́rin."

Kò pariwo. Ó ní kí n rọra kúrò níbẹ̀, kí n wá dúró lẹ́yìn òun. Ó lọ mú ìbọn náà, ó gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó kọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò sí ẹnì kankan, ó fa bolt sẹ́yìn. Ìkarùn-ún fò jáde, ó já sínú yìnyín, ó sì dá ihò tóóró kan síbẹ̀. Mo ṣì ń rí ihò yẹn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó hú ọta náà jáde, ó nù ún lára aṣọ rẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Wàá máa tẹ̀ lé mi títí ọdẹ ọdún yìí yóò fi parí, ṣùgbọ́n o ò ní gbé ìbọn." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn bí òfin ṣe wí, lórí, láyà àti lẹ́yìn, mo ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo.

Lóru ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ló wà, ó gbé ìbọn tí ó ti kì sílẹ̀ de ẹran dábùú itan. Wọ́n kó sí gálọ́pù lójú ọ̀nà oko, ìbọn dún, ìka méjì sì lọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Àwọn àgbà ní Ògún ló bínú. N kò bá wọn jiyàn nígbà náà, n kò sì ní bá wọn jiyàn lónìí. Ti Ògún ni ìbọn, ti Ògún ni ọkọ̀. Ọdẹ ń bọ ọ́, awakọ̀ ń bọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ fi èdè ilé wa sọ ohun tí Ọ̀gá ń kọ́ mi lórí tábìlì, ohun tí màá sọ ni pé irin kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jí nínú ìrìn-àjò. Bí ọkọ̀ bá ti jí, kí ìbọn sùn.

Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò ti wà láti ọdún 1959. Ó ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ lára àwọn ìbọn yòókù, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e láìgba ìwé àṣẹ, kò sì gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé náà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá bàbá mi wọ ọkọ̀, ìwé ni àwọn tó dá wa dúró ń béèrè. N kò gbọ́ kí ẹnì kan béèrè bóyá ìbọn náà ti kì. Ó ń dùn mí títí di òní, nígbà tí mo bá rántí àwọn ọmọ tó jókòó pẹ̀lú wa nínú bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn.

Ọdún kejì ni Ọ̀gá dá ìbọn padà fún mi, ìdìpọ̀ ẹrù ni mo sì kọ́ lọ́dún náà. Ìbọn wà lọ́tọ̀ nínú àpótí líle, bolt ti kúrò lára rẹ̀, àgádágodo wà lẹ́nu àpótí, àpótí wà nínú búùtù. Ọta wà nínú àpótí tirẹ̀. Pennsylvania fúnra rẹ̀ kò béèrè tó báyìí lórí ìbọn gígùn. Kó ṣáà ti ṣófo. Ṣùgbọ́n ààlà kò jìnnà, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ojú tirẹ̀. New Jersey tó wà ní ìlà-oòrùn wa fẹ́ kí ìbọn ṣófo, kí ó sì wà nínú àpótí tí a dè pa tàbí nínú búùtù tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì. Òfin kan tún wà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1986, tó ń dáàbò bo ẹni tó ń gba ìpínlẹ̀ kan kọjá lọ sí òmíràn. Ó gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn náà níbi tó ti gbéra àti níbi tó ń lọ. Ìbọn gbọ́dọ̀ ṣófo. Ọwọ́ ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ tó ìbọn tàbí ọta. Bí ọkọ̀ kò bá ní búùtù tó dá dúró, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé, inú àpótí tí a tì pa ni kí wọ́n wà, àpótí kékeré tó wà níwájú ọkọ̀ kò sì sí lára irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ gba oko ọdẹ lọ kí àbúrò mi ní New Jersey. Ọ̀gá ní, "Kí ni ìbọn fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún?" Mo gbé e délé kí n tó lọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí Ọ̀gá kò lè kọ́ mi, torí pé àwọ̀ ara rẹ̀ kò jẹ́ kó nílò rẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́ mi, kí ó tó gbà kí n lọ sóko ọdẹ rárá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2016, ọlọ́pàá dá Philando Castile dúró ní Falcon Heights ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Castile fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ìbọn wà lára òun. Ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọlọ́pàá náà yìnbọn pa á lórí ìjókòó rẹ̀, lójú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àti ọmọ obìnrin náà tó jẹ́ ọmọ ọdún 4. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà láre.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, n kò ka jíjìnnà ìbọn sí ọwọ́ mi sí ọ̀rọ̀ òfin nìkan mọ́. Ìwé ọkọ̀ mi wà lókè orí mi, níbi tí ẹni tó dúró lẹ́nu fèrèsé ti lè rí i. Wọ́n dá mi dúró rí lálẹ́, iná ẹ̀yìn kan ló kú. Mo tan iná inú ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, mo sọ ohun tí mo fẹ́ mú kí n tó na ọwọ́. Ọlọ́pàá rí aṣọ aláwọ̀ ọsàn lára mi, ó bi mí bóyá ìbọn wà nínú ọkọ̀. Mo ní ó wà nínú búùtù, ó ṣófo, mo sì ti tì í pa. Àyà mi ń lù, ṣùgbọ́n òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì ti fi ìka mi kàn án kí n tó gbéra. Ó ní kí n lọ tún iná ṣe.

Lẹ́yìn Kérésì, láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, Pennsylvania ní àkókò ọdẹ kan tó jẹ́ ti ìbọn olókùúta. Ọdún 1974 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ̀tù ni wọ́n ń dà sí i lẹ́nu, ọ̀pá ni wọ́n fi ń kì í, òkúta ló ń ṣáná sí i. Nígbà tí Ọ̀gá tú tirẹ̀ nínú aṣọ, ọkàn mi lọ tààrà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣakabùlà ni.

Irú ìbọn yìí kò ṣe é tú bí àwọn yòókù. Ohun tí a bá kì sí i kì í jáde, àfi kí a yìn ín tàbí kí a fi irin hú u. Nítorí náà òfin ibẹ̀ ní bí a bá ti da ẹ̀tù inú àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nù, ó ti ṣófo. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo pe bàbá mi lórí WhatsApp láti ibi ọkọ̀, mo sì kọ ojú fóònù sí Ọ̀gá, kí Bàbá lè rí ìbọn náà.

"Àrìnpa o!" ni Bàbá wí.

Ọ̀gá kò gbé ojú sókè. Ojú tì mí fún un, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Bàbá pé kì í ṣe àfojúdi, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n dákẹ́. Ó bi mí pé, "Ẹ̀tù àwo ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti dà á nù, sà."

"Ìyẹn nìkan kò tó. Òkúta ńkọ́?"

N kò tíì túmọ̀ rẹ̀ tí Ọ̀gá ti ń tú irin tó di òkúta náà mú. Ó yọ ọ́, ó fi awọ pélébé wé e, ó sọ ọ́ sí àpò àyà rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìta. Ìgbà náà ni ó tó wo ojú fóònù, tí ó ní kí n bá òun kí Bàbá.