'Mo Bá Wọn Níbẹ̀'

Ní àdúgbò wa ní Yemetu, àwọn ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin ẹni ọdún 16 kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń jà ní ojú títì. Ìyá rẹ̀, tí ó ń ta ẹ̀kọ nítòsí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, sáré tọ̀ mí wá: 'Bàbá, ẹ gbà mí.' Èdè ni mo mọ̀, n kò mọ òfin. Mo mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin kan tí wọ́n ń ran aláìní lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ojú olùkọ́ wọn.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 2003 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ NULAI sílẹ̀ láti tàn án ká àwọn fásitì Nàìjíríà. Ní ọdún 2007, Fásitì Ìbàdàn dá Women's Law Clinic sílẹ̀ fún àwọn obìnrin aláìní. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ dìde rojọ́ fún ẹlòmíràn ní kóòtù. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni. Kí wá ni ó kù fún wọn láti ṣe?

Mo rí ìdáhùn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan jókòó ti ọmọ náà. Ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé òun àti àwọn tí ó ń jà ni wọ́n jọ wà níbẹ̀.

'Àbúrò, kí ni o sọ gan-an ní Yorùbá?'

'Àǹtí, mo ní mo bá wọn níbẹ̀ ni.'

Ẹ wo 'bá' yìí! Bí mo bá ní 'mo bá wọn lọ', a jọ rìn ni. Bí mo bá ní 'mo bá wọn níbẹ̀', wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ìyàtọ̀ yìí. N kò mọ̀ pé ó lè ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò, agbẹjọ́rò sì gbé e síwájú adájọ́. Wọ́n gba béèlì ọmọ náà. Ẹjọ́ kò tí ì parí.

Abala 36 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní kí a ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dé, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè kóòtù sì rí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà náà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n a lè gbọ́ tẹnu ẹni méjì, kí a má gbọ́ èdè ẹnì kan nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.