Omi Ẹ̀jẹ̀ Aláwọ̀ Ewé

Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àléébù kankan ni mo dà nù, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàbù nílé ìwòsàn kan ní Zaria nígbà náà, ìgbéraga ìwé ẹ̀rí tuntun ṣì ń gùn mí. Tí ẹ̀rọ bá ti fi ẹ̀jẹ̀ yí, omi tó máa ń lé téńté sókè máa ń pupa rúsúrúsú ni. Ti obìnrin yìí tutù bí ewé ẹ̀fọ́. Mo kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ó ti bàjẹ́, mo sì pe nọ́ọ̀sì, mo ní kó máa fọwọ́ kó tó gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Èkejì dé, àwọ̀ kan náà. Ohùn mi bá ga sí i. Obìnrin náà, tó wọkọ̀ láti Giwa nínú ọyẹ́, bi mí lédè Hausa bóyá ẹ̀jẹ̀ òun ni kò tó.

Ọ̀gá mi, ará Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Sabon Gari, gbé ẹ̀jẹ̀ náà sójú fèrèsé. “Ìwọ, ṣé o bi Hajiya pé oògùn wo ni wọ́n ń lò?”

Mi ò bi wọ́n. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni.

Ẹsitirójìn inú oògùn náà máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe ceruloplasmin rẹpẹtẹ. Purotéènì yìí ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú bàbà inú omi ẹ̀jẹ̀. Átọ́ọ̀mù bàbà 6 ló wà lára ẹyọ kan, àwọn ló sì sọ ọ́ di aláwọ̀ búlúù. Holmberg àti Laurell ló ṣàlàyé rẹ̀ ní Sweden ní 1948. Ẹ po búlúù mọ́ pupa rúsúrúsú, ẹ ó rí àwọ̀ ewé. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ní ọ̀dà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ní dìgírì kò mọ̀ ọ́n.

A fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ ń wúwo. Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi màálámù. Dókítà fura sí àrùn Wilson, tí Kinnier Wilson kọ nípa rẹ̀ ní 1912. Ẹ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè da bàbà tó ṣẹ́kù sínú òróòro kó bá ìgbẹ́ jáde, kò sì lè kó o sínú ceruloplasmin bó ti yẹ. Ceruloplasmin tí kò rí bàbà gbà kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Bàbà ní tirẹ̀ á wá ṣùjọ sínú ẹ̀dọ̀, ọpọlọ àti ojú. Tí ìwọ̀n ceruloplasmin kò bá tó míligíráàmù 20 nínú desílítà kan, ó yẹ kéèyàn fura. Ti ọmọ yìí jẹ́ 23. Mo sáré bá dókítà: “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà, kì í ṣe Wilson.”

Ta ló bi mí? Wọ́n ní kí n wọn nǹkan, mo lọ dájọ́.

Òtútù àyà ń bá ọmọ náà jà lọ́sẹ̀ yẹn. Tí ara bá ń bá àìsàn wọ̀yá ìjà, ẹ̀dọ̀ á máa ṣe ceruloplasmin sí i, bíi ti aboyún gan-an. Ọmọ tí kò jẹun kánú náà lè ní èyí tó kéré láìní Wilson rárá. Nọ́ńbà 23 kò parọ́. Èmi ni mo fi parọ́.

Ó pẹ́ kí dókítà ojú tó rí òrùka aláwọ̀ ilẹ̀ létí dúdú ojú rẹ̀, tí bàbà inú ìtọ̀ wákàtí 24 sì kọjá máíkírógíráàmù 100. Penicillamine, oògùn tí John Walshe mú wá ní 1956, ni wọ́n fún un. Ọwọ́ gbígbọ̀n náà dín kù, kò tán.

Àjogúnbá ni àrùn yìí. Bàbá àti ìyá tí ara wọn le lè máa gbé e kiri láìmọ̀, àgàgà tí wọ́n bá jẹ́ ìbátan bíi ti àwọn òbí ọmọ yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Èyí tó kọ́kọ́ jókòó níwájú mi jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 13. Kí n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, mo béèrè ibà, mo béèrè ikọ́, mo béèrè oògùn, mo tún béèrè oyún. Ìyá rẹ̀ la ojú mọ́ mi bí ẹni tí mo bú, ni mo bá ń fi Hausa mi tó ń ro gọ́lọ́gọ́lọ́ bẹ̀bẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn. Ceruloplasmin rẹ̀ jẹ́ 7. Zinc, tí kì í jẹ́ kí ìfun gba bàbà sára, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ lóṣù yẹn kan náà.