Oúnjẹ Ọ̀sán Létí Omi ní Ìlú Olókè

Àsìkò tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni àbúrò mi tó ń gbé Èkó mú ìyàwó rẹ̀ wá kí wa ní Ìkàrẹ́-Àkókó. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun ọ̀sán níta, létí omi." Ní Èkó tó ti wá, ọ̀sà kì í jìnnà sí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹja yíyan. Ṣùgbọ́n òkè la ní ní Àkókó tiwa.

Nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, àwọn Ìlàjẹ lolómi. Bí èèyàn bá dé Ìgbọ́kọ̀dá, á rí ọkọ̀ ojú omi tó ń já èrò àti ẹja, á sì jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Ṣùgbọ́n ìhà àríwá ìpínlẹ̀ la wà, etí òkun ni wọ́n wà. A ò lè torí oúnjẹ ọ̀sán rin ìrìn yẹn.

Mo mú wọn lọ sí Awara, dáàmù Ìkàrẹ́. Omi náà tẹ́ rẹrẹ, atẹ́gùn rẹ̀ tù wá lára. Ìyàwó àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ẹni tó bá ta ẹja yíyan níbí á mà lówó o!"

Ó dùn mọ́ mi pé ibẹ̀ wù ú, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un. Orí àpáta la tẹ ìlú dó sí. Kànga tí a bá gbẹ́ lè kan òkúta kó tó kan omi, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, ọ̀pọ̀ wọn a gbẹ. Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń jí wa lóru láti lọ tò fún omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo sọ fún un pé inú ẹ̀rọ omi ìlú ni omi tó ń wò yìí ń lọ. Bí búkà kan bá wà létí rẹ̀, òróró, egungun ẹja, ọ̀rá àti ìtọ̀ oníbàárà ni òjò yóò máa gbá sínú ohun tí a ó mu. Ó wo omi náà títí, ó ní òun gbọ́.

La bá gba ọ̀nà Ọ̀kà. Ní Àkùngbá, láti ìgbà tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ti wà níbẹ̀, kò sí irú oúnjẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ ò lè rí rà. A kọjá. Odó ni mo ń wá, torí etí ni mo fi ń yan búkà. Níbi tí odó bá ti ń dún bí oníbàárà ṣe ń jókòó, iyán ibẹ̀ á gbóná. Níbi tí wọ́n bá ti ń bù ú látinú kúlà, mi ò ní jókòó.

Ní Ọ̀kà, a rí ìyá kan lábẹ́ igi máńgòrò, nísàlẹ̀ òkè. Àwọn awakọ̀ ti jókòó, ọmọkùnrin méjì ń gúnyán. Ó fi ẹ̀gúsí àti ẹja àrọ̀ bu iyán fún wa, ó gbé abọ́ omi ìfọwọ́ sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ nínú omi tí a ti lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n wá.

Òjò kékeré kan rọ̀, ó dá. Àpáta tó wà lókè wa bẹ̀rẹ̀ sí í tan yinrinyinrin, omi ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀ ní ìlà funfun funfun. Àbúrò mi dá òkèlè dúró, ó ń wò ó. Kò tún bèèrè etí omi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ najú ní Awara, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹun yó kí ẹ tó lọ.