Bí ẹ̀rọ ọkọ̀ bá dákẹ́ láàárín Sàvàlú àti Bàǹtẹ̀

Orúkọ kan náà ni èdè wa fún ohun tí ń gbé ènìyàn lórí omi àti ohun tí ń gbé e lórí ilẹ̀: ọkọ̀ ni méjèèjì. Ní agbègbè Collines níbí, àwọn odò wa máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; títì ni odò wa ńlá. Ó ti Ìdáàṣà wá, ó gba Sàvàlú àti Bàǹtẹ̀ kọjá, ó sì forí lé Bassila àti Djougou. Òun ni ó ń gbé iṣu, gaàrí àti èso kajú lọ sí ọjà. Òun náà ni ó ń gbé àwọn ọmọ wa bọ̀ wá sílé fún ọdún iṣu tí wọ́n ń ṣe ní Sàvàlú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ.

Ẹni tí ó bá kúrò ní Sàvàlú, ìlú àwọn Mahi àti ọba Gbaguidi, yóò fi àwọn òkè sẹ́yìn. Ọ̀nà náà lé ní 50 kìlómítà. Ní ìhà Gouka, ìkíni á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, nítorí ilẹ̀ àwọn Ìṣà, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Itcha, ni a ń wọ̀ yẹn. Oko kajú àti oko iṣu ni ojú ń rí lọ́tùn-ún lósì, ilé kò sì pọ̀ láàárín abúlé kan sí èkejì. Ibi tí kò sí ilé yìí gan-an ni ẹ̀rọ ọkọ̀ fẹ́ràn láti dákẹ́ sí.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà yìí ni ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu. « Occasion » ni a ń pè é. Ilẹ̀ òtútù ni ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ó bá oòrùn, ẹrù àpọ̀jù, àti epo kpayo inú ìgò, tí omi tàbí ìdọ̀tí lè wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ó ti gbó kì í sábà kú láìsọ̀rọ̀. Bí èéfín rẹ̀ bá ní àwọ̀ aró, ó ń jó òróró ara rẹ̀. Bí èéfín bá dúdú, epo tí ó ń mu ti pọ̀ jù. Bí èéfín funfun bá ń jáde láìdẹ́kun, tí òróró rẹ̀ sì dà bí wàrà, omi ti wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀ kí wọ́n tó tanná sí i: bí ó bá ti gbóná, ẹni tí ń tà á ti lè bo àìsàn kan mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún kan, a wà nínú takisí kan tí ó ti kọjá Gouka nígbà tí ooru ẹ̀rọ rẹ̀ gòkè. Awakọ̀, àgbà ọkùnrin kan, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lójú ẹsẹ̀, ó pa á, ó sì ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa na ọwọ́ sí ìdérí rádíétọ̀.

« Fi í sílẹ̀, ọmọ mi, » ni bàbá náà wí. « Omi gbígbóná kì í mọ ojú ọ̀rẹ́. »

A dúró fún bí ìṣẹ́jú 45. Ìyá kan ti inú oko rẹ̀ jáde, ó kí wa kú ewu ọ̀nà, ó sì gbé korobá omi kan wá. Awakọ̀ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kan omi náà: omi tútù tí a bá dà sínú ẹ̀rọ gbígbóná lè mú kí irin rẹ̀ là. Rọ́bà tí ń gbé omi lọ sínú ẹ̀rọ ni ó ya létí. Ó gé ibi tí ó ya kúrò, ó fi wáyà dè é, ó wá ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé Bàǹtẹ̀, níbi tí mẹkáníìkì ti pààrọ̀ rọ́bà náà.

Kí ló dé tí ó fi yára yà kúrò lójú títì? Àpẹẹrẹ kan láti orí omi lè là á yé wa. Ní ọdún 1954, ní ilẹ̀ New Zealand, William Hamilton ṣe ọkọ̀ ojú omi kan fún odò tí kò jìn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa omi mu, ó sì ń tú u jáde tagbára-tagbára. Omi yìí ni ó ń ti ọkọ̀ náà síwájú, òun náà ni ó sì ń darí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kú, ìrìn lọ, ìdarí náà lọ. Ọkọ̀ ilẹ̀ fara jọ ọ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, sítíárìn ọ̀pọ̀ nínú wọn á le, bíréèkì náà á sì le lẹ́yìn títẹ̀ bíi mélòó kan. Kí agbára ìrìn tó kù tó tán ni kí awakọ̀ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn awakọ̀ wa a máa ya ẹ̀ka igi tútù sílẹ̀ sórí títì láti kìlọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀, wọ́n a sì fi òkúta dí táyà. Àṣà rere ni. Ohun tí ń pa ènìyàn ni pé bí ọkọ̀ bá ti jí, ọ̀pọ̀ a fò wọ inú rẹ̀, wọ́n a fi òkúta náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ní òru, ọlọ́kadà tí kò ní iná tó dára ni yóò fi orí rẹ̀ rí i. Yorùbá ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta ojú títì kì í mọ ẹni tí ó gbé e síbẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni ó sábà ń tọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò tíì lè sọ pé gbogbo ọkọ̀ wa yóò jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá ó ti wo omi àti òróró kí ẹ tó kúrò ní ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì jí lójú ọ̀nà, kí ẹnì kan nínú yín sọ pé: « Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kó òkúta kúrò. » Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.