Àjẹ́ Ké Lánàá, Kọ̀ǹpútà Kú Lónìí

Kò sí ẹni tó jókòó ní kíláàsì òwe ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa tí kò mọ òwe yìí: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ìbéèrè ni, ṣùgbọ́n kò wá ìdáhùn. Ẹni tó pa á ti dá ẹjọ́ tán kí ó tó ya ẹnu. Mo kọ àlàyé rẹ̀ dáadáa nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì. Síbẹ̀, láti ọdún 2022 ni èmi àti òwe náà ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà kan ní Ìwó ló sì dá a sílẹ̀.

Ẹ ó rántí pé ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún náà, wọn kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo padà sílé ní Ìwó. Nígbà tó pẹ́ tí mo ti ń jẹ oúnjẹ ìyá mi láìrí nǹkan ṣe, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lọ́nà ọjà Odò-Orí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá wọn tẹ ìwé. Ohun tí mo kọ́ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ni mo fi wọlé: mo mọ bí a ṣe ń tẹ àmì ohùn Yorùbá, àwọn tó ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú sì fẹ́ kí orúkọ bàbá wọn pé.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ ni méjèèjì, pẹ̀lú ẹ̀rọ fọtokópì kan àti ọmọ iṣẹ́ kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ọkàn iṣẹ́ náà. Inú rẹ̀ ni ìwé àwọn oníbàárà wà, inú rẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ owó àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan wà: ẹni tó dá owó, ẹni tó yá owó, iye tó kù lọ́rùn oníkálukú. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, bráúsà tí a fi ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri gbé ọ̀rọ̀ kan wá sójú: ápdéètì tuntun ti dé, ìyẹn àtúnṣe tí àwọn tó ṣe bráúsà fi ránṣẹ́. Ọ̀gá kò sí nítòsí. Ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé láìsí wàhálà. Kò pẹ́ ni wọ́n mú iná lọ, a sì ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kan dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Fọ́ọ̀mù Post-UTME ló fẹ́ fi sílẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà ni yóò sì parí. A tan kọ̀ǹpútà, a ṣí bráúsà. Ìkànnì ilé-ìwé kò ṣí. A gbìyànjú òmíràn, kò ṣí. Àmì pupa àti ọ̀rọ̀ gàdàgbà tó ní ìsopọ̀ náà kò láàbò ni a ń rí níbi gbogbo.

Ọ̀gá bèèrè ẹni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kẹ́yìn. Ọmọ náà kò purọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi ni. Ó ní kí n ṣe ápdéètì, mo sì tẹ̀ ẹ́."

Ibẹ̀ ni òwe ti jáde. Ọ̀gá ní àjẹ́ ti ké lánàá, ọmọ sì ti kú lónìí, kí ni ẹnikẹ́ni tún ń wá? Wọ́n ní àwọn yóò pe ẹni tí yóò wá fọ́mátì kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ yóò sì jáde nínú owó oṣù ọmọ náà. Bí àkọsílẹ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ bá bá a lọ, kí ó má wulẹ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọmọ náà kò fèsì. Ó ń wo ìka tó fi tẹ bọ́tìnnì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni." Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n má fi iṣẹ́ ìwé dí àwọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a gbé ọmọbìnrin náà lọ sídìí kọ̀ǹpútà kejì kí àkókò rẹ̀ má baà lọ. Ìkànnì ilé-ìwé ṣí kíá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Dátà kan náà ni kọ̀ǹpútà méjèèjì ń lò, nítorí náà ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ dátà, kò sì sí lọ́dọ̀ ìkànnì. Mo wá wo nọ́ńbà bráúsà tó wà lórí kọ̀ǹpútà kejì náà. Òun pẹ̀lú ti gba ápdéètì kan náà fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, nọ́ńbà wọn bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn wà nílé yìí pẹ̀lú, kò sì sí nǹkan tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bráúsà mìíràn wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí ápdéètì kankan tó kàn án lálẹ́ àná. Mo ṣí i. Òun náà kọ̀, pẹ̀lú irú àmì pupa kan náà. Mo pe ọ̀gá kí wọ́n wá wò ó. Níbi tí ápdéètì wà, kò sí wàhálà. Níbi tí ápdéètì kò dé, wàhálà wà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àjẹ́ yìí kò sí nílé lálẹ́ àná."

Lẹ́yìn náà ni a ṣe ohun tí kò sí ẹni tó ṣe láti àárọ̀: a ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gàdàgbà tó wà lókè, èyí tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké ni. ERR_CERT_DATE_INVALID ló wà níbẹ̀. DATE, ọjọ́. Gbogbo wa wo igun kọ̀ǹpútà níbi tí aago wà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012 ni kọ̀ǹpútà náà rò pé a wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ọjọ́ ní í ṣe pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì tó láàbò máa ń gbé ìwé-ẹ̀rí kan dání, bí ìgbà tí ènìyàn bá mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ tí yóò parí wà lára rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tí Let's Encrypt ń fún àwọn ìkànnì lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà, ọjọ́ 90 péré ló ń lò. Bráúsà yóò wo ìwé yìí, yóò sì wo aago kọ̀ǹpútà. Bí aago bá sọ pé ọdún 2012 ni a wà, ìwé tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 yóò dà bí ìwé ẹni tí a kò tíì bí. Bráúsà tó bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí a gbé fún un ló ń ṣe.

Kí ló wá dá aago padà sẹ́yìn? Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. CR2032 ni wọ́n ń pè é, agbára rẹ̀ kò ju vólítì mẹ́ta lọ. Òun ló ń jẹ́ kí aago máa lọ nígbà tí kò bá sí iná rárá. Ẹ̀rọ tó ń gba iná pamọ́ fún kọ̀ǹpútà náà ló ti ń bo àṣírí bátìrì yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti kú lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, bátìrì kò ní okun mọ́, aago sì gbàgbé ibi tó dé. A tún ọjọ́ àti aago ṣe, a tún bráúsà ṣí. Gbogbo ìkànnì ṣí. Kò sí fáìlì kan tó sọnù.

Ọ̀gá kò sọ púpọ̀. Wọ́n fún ọmọ náà lówó pé kí ó lọ ra bátìrì wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n pè é padà, wọ́n sì fi owó oúnjẹ kún un. Ẹni tó bá mọ àgbà ilẹ̀ wa yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Irú ẹjọ́ báyìí kò mọ sí Ìwó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 kan náà ni Mozilla gbé Firefox 96 jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 13, Firefox kọ̀ láti ṣí ìkànnì fún àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín ápdéètì àti wàhálà. Ta ni kò ní nawọ́ sí ápdéètì? Ṣùgbọ́n nígbà tí Mozilla kọ àlàyé jáde ní oṣù Kejì, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn lọ. Àwọn ẹ̀rọ Mozilla kan wà lórí Google Cloud. Ètò kan yí padà níbẹ̀, ó sì mú kí HTTP/3, ọ̀nà tuntun tí bráúsà lè fi bá ìkànnì sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àṣìṣe kékeré kan sì ti fara pamọ́ sínú Firefox kí ọjọ́ náà tó dé. Apá kan nínú rẹ̀ ń kọ Content-Length, gbólóhùn tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ ṣe gùn tó, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké. Apá mìíràn ń wá a pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Kò rí i, ó sì ń yí lójú kan láìdúró. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ Firefox ń gbà jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà gbogbo rẹ̀ há. Ìgbà tí wọ́n dá ètò náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni ara rọ àwọn ènìyàn.

Mi ò sọ pé ápdéètì kì í jẹ̀bi o. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2021, Gmail àti àwọn áàpù mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn dé lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android. Bí o bá ṣe ń ṣí i ni yóò máa kú. Android System WebView, ohun tí áàpù fi ń ṣí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì nínú ara rẹ̀, ni àléébù wà nínú rẹ̀. Báwo ni a ṣe mọ̀? Nígbà tí àwọn ènìyàn yọ ápdéètì WebView kúrò, áàpù wọn jí. Wọ́n dán an wò, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ápdéètì mìíràn ni Google sì fi tún un ṣe.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ẹjọ́ tí a dá láìwádìí máa ń ní owó tó ń gbà. Bí ọ̀gá bá fọ́mátì kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, aago yóò ṣì wà ní ọdún 2012 lẹ́yìn rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ yóò ti lọ, ọmọ náà yóò ti pàdánù iṣẹ́, àìsàn yóò sì wà níbi tó wà. Ọ̀gá ìbá sì pa ápdéètì pátápátá láti ọjọ́ náà lọ, bẹ́ẹ̀ ápdéètì ni wọ́n fi ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé.

Àwọn àgbà tó fún wa ní òwe àjẹ́ náà ló fún wa ní èkejì: agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Èmi rò pé ó yẹ kí a máa kọ́ méjèèjì pọ̀ ní kíláàsì. Ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí a fura, ìfura sì dára. Ibẹ̀ ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti èkejì ni kì í jẹ́ kí a parí ẹjọ́ síbẹ̀.

Bí bráúsà rẹ bá kọ iṣẹ́ lẹ́yìn ápdéètì, kọ́kọ́ ka ohun tó kọ sójú, pàápàá lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀. Wo aago. Dán ìkànnì kan náà wò lórí fóònù. Wá ibi tí ápdéètì náà wà tí nǹkan kò bàjẹ́, kí o sì wá ibi tí kò dé tí nǹkan bàjẹ́. Nǹkan kan ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Fi fọ́mátì sí ìkẹyìn pátápátá. Bí ènìyàn kan bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà tí gbogbo ilé ti nawọ́ sí, ní kí wọ́n fún ọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.