Àwọn Wo Lo Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Fún?

Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ wa bá ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti Ìkirè àti Àpòmù sí àwa tí a wà lókè òkun: fásitì wo ló dára jù láti ka másítàs, yálà nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ tàbí nínú iṣẹ́ sóṣíà? Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín náà ń béèrè é. Ìbéèrè yìí ń dùn mọ́ mi nínú. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà nìkan ni òbí ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ. Lónìí, a rí ọmọ tó dìde pé ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ lòun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tí à ń bá sọ òdodo ọ̀rọ̀, òdodo ibẹ̀ sì ni pé orúkọ fásitì kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: àwọn wo ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ fún, ìlú wo ni wọ́n sì wà?

Ẹni tó gba másítàs nínú ìmọ̀ ìtàn lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa kọ̀wé, kò sẹ́ni tí yóò ní kó mú ìwé àṣẹ wá. Olùkọ́ àti sóṣíà wọ́kà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ènìyàn là ń fà lé wọn lọ́wọ́, nítorí náà ni ìjọba kọ̀ọ̀kan ṣe yan àjọ tí ń pinnu ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà ní Manchester, wọ́n lè máà kà á sí ní Houston.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2005 ni òfin ti sọ níbí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní social worker bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Àjọ tó ń tọ́jú ìwé náà báyìí ni Social Work England, tó gba iṣẹ́ yìí ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní àjọ tiwọn lọ́tọ̀. Social Work England ló ń yẹ ẹ̀kọ́ fásitì kọ̀ọ̀kan wò kó tó fọwọ́ sí i. Másítàs tí wọn kò bá fọwọ́ sí, bó ti wù kí òkìkí fásitì náà kàn tó, kò lè sọ ẹnikẹ́ni di sóṣíà wọ́kà. Ibí yìí gan-an ló ń da àwọn ọmọ wa láàmú, nítorí orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ náà jọra. Social Policy wà, International Development wà, Childhood Studies wà. Ẹ̀kọ́ gidi ni gbogbo wọn, wọ́n sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí tàbí tó fẹ́ bá àjọ aláàánú ṣiṣẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé ni o fẹ́ máa kan ilẹ̀kùn fún, wọn kò ní gbé ọ débẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí máa ń gba ọdún méjì. Nínú ọdún méjì náà, ọjọ́ 200 ni wọ́n ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ iṣẹ́ lójú iṣẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ 30 nínú rẹ̀ lè jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú fásitì, àwọn ìyókù jẹ́ ọ́fíìsì, ilé àwọn ènìyàn, ilé-ìwòsàn àti kọ́ọ̀tù. Lójú tèmi, ọjọ́ wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ìwé tí a kà nínú kíláàsì wúlò, mi ò sọ pé kò wúlò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá jókòó sí pálọ̀ ìyá kan tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, tí ọmọ rẹ̀ ń ké, tí ọkọ rẹ̀ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò fẹ́ kó sọ̀rọ̀, ọjọ́ yẹn ni wàá mọ̀ bóyá o lè ṣe iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, kí o tó bi fásitì kan léèrè nípa ipò tó wà láàárín àwọn fásitì ayé, bi wọ́n pé: ibo ni ẹ máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ kọ́ṣẹ́? Ta ni yóò máa bójú tó mi níbẹ̀? Ṣé ó kéré tán, mo lè wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ọmọdé? Fásitì tí kò bá lè dáhùn dáadáa, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ síbẹ̀.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ní ọdún 2000, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n mú wá láti Côte d'Ivoire, kú ní London lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Lord Laming ṣe ìwádìí ikú náà, ìjábọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2003. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ náà máa ń dúró ṣánṣán níwájú ìbátan rẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú sójà, ẹni tó yẹ kó dáàbò bò ó sì rò pé bí ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: ọmọ Ìkirè èyíkéyìí tí wọ́n tọ́ sí agboolé, tó ti kúnlẹ̀ kí bàbá àgbà, tó sì ti rí ọmọ tí ẹrù ń bà, mọ̀ pé ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìpayà. Ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà máa ń rẹ́rìn-ín bó bá dìde tán. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé kankan, àwọn ọmọ wa ló ní in.

Kì í ṣe Victoria nìkan ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn níbí. Láti bíi 1955 lọ sókè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí láti Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn Yorùbá, tó wá kàwé ní Britain gbé ọmọ wọn fún àwọn òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex láti bá wọn tọ́. Wọn a máa fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World. Lójú àwọn òbí náà, kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí nílé, ó sì jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti kàwé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ alẹ́. Àwọn ọmọ kan rí ìfẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn dàgbà láìmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Nígbà yẹn, ta ló wà tó lè sọ fún ìyá ọmọ ní èdè rẹ̀ ohun tí òfin ibí sọ, tó sì tún lè ṣàlàyé fún ọ́fíìsì ohun tí ìyá náà ní lọ́kàn? Àwọn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Wọn kò pọ̀ tó dòní.

Ní ti ẹ̀kọ́ olùkọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lówó lórí. Nínú PGCE, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn dígírì láti di olùkọ́, irú kan wà tó ní àṣẹ olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní QTS nínú, òmíràn wà tí kò ní in. MA nínú Education kò ní in rárá bó bá dá dúró. Ẹni tó fẹ́ dúró níwájú kíláàsì ní ilé-ìwé ìjọba níbí, QTS ló yẹ kó máa wá. Láti oṣù Kejì ọdún 2023, olùkọ́ tó ti gba ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tó sì ní ìrírí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè òkèèrè, lè béèrè fún QTS tààrà láti ilé. Nítorí náà, olùkọ́ ìṣirò kan ní Àpòmù tó ń tọ́jú mílíọ̀nù náírà jọ láti wá ka másítàs nítorí iṣẹ́ olùkọ́ nìkan, kó kọ́kọ́ wo ibẹ̀ ná. Ó lè má nílò rẹ̀.

Fún àwọn tó ń fojú sí Amẹ́ríkà: Council on Social Work Education (CSWE), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ló ń fọwọ́ sí MSW, ìyẹn másítàs iṣẹ́ sóṣíà, níbẹ̀. Wákàtí 900 ni ìkọ́ṣẹ́ tiwọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ lẹ́yìn ìdánwò. CSWE náà ló ń yẹ ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ sóṣíà láti Nàìjíríà wò. Bákan náà ni ti olùkọ́, ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ, nítorí náà yan ìpínlẹ̀ kó o tó yan fásitì.

Àmọ́ ṣé dandan ni kí ọmọ kúrò nílé? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìkirè àti Àpòmù wà láàárín Ìbàdàn àti Ifẹ̀, kò sí ìlú púpọ̀ ní Nàìjíríà tó ní irú oore yẹn. Fásitì Ìbàdàn ti wà láti 1948, ibẹ̀ sì ni ẹ̀ka iṣẹ́ sóṣíà ti wà lábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì lè bá àwọn olùkọ́ méjèèjì jókòó. Ọmọ tó jáde ní ọgbà fásitì UNIOSUN ní Ìkirè, tó ka èdè Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì láì ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ mọ́ ọn, PGDE, díplómà ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn dígírì, ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe. Òun ni yóò jẹ́ kí TRCN, àjọ ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́ tí òfin 1993 dá sílẹ̀, lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ni yóò sì gbé e dé M.Ed.

Iṣẹ́ sì wà nílé. Ẹni tó bá gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá nígbà tó yẹ kí ọmọ wà ní kíláàsì yóò rí àwọn tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò pẹ̀lú dòdò Ìkirè lórí. Èmi kò dá ìyá tó ń dín dòdò lẹ́bi, òun ló ń fi bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003, a sì nílò ẹni tó mọ òfin náà, tó mọ ìyá náà, tó lè jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò láti wá ọ̀nà tí owó yóò fi wọlé tí ọmọ yóò sì wà ní ilé-ìwé. Àpòmù ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Samuel Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ pé jíjí tí wọ́n ń jí ènìyàn gbé tà ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tó fa ogun Òwu ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ìlú tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí yẹ kó ní àwọn tó kàwé dójú àmì lórí ìdáàbòbò ọmọdé.

Bí ọmọ bá sì lọ sókè òkun, kó mú ìbéèrè ilé dání lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní New York University ní 1955. Nígbà tó dé Fásitì Ifẹ̀, ìbéèrè tó gbájú mọ́ kan ọmọ tó wà nítòsí rẹ̀: ṣé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ Yorùbá ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, Ford Foundation sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì dé ìwé kẹfà, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ẹ̀yin tó fẹ́ ka másítàs nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́, ẹ wá olùkọ́ tí yóò gbà yín láyè láti kọ àpilẹ̀kọ lórí kíláàsì kan ní Ìkirè. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó bá gba físà wá ka másítàs oníkíláàsì ní Britain kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ rẹ̀ dání mọ́. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ jọ jókòó sọ ọ́ nílé dáadáa kẹ́ ẹ tó san owó. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ sóṣíà ní England kò sí fún ọmọ àjòjì, ṣùgbọ́n ó lè kan àwọn ọmọ wa tó ti ń gbé ìhín láti kékeré. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó kọjá wọn, nítorí ààyè rẹ̀ kì í pọ̀.

Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ méjèèjì yìí nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìkirè àti Àpòmù lókè òkun ti ṣe tán láti máa gba ìpè àwọn ọmọ wa. Ẹ gba orúkọ wa lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí ẹ tó pè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá orúkọ ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ nínú àkọsílẹ̀ tí Social Work England tàbí CSWE gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an, kì í ṣe ti fásitì nìkan. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi jọ sọ̀rọ̀.