Agolo Tábà Tí Kò Ṣí, ní Dàda Estate l'Óṣogbo

Ẹ bi ọmọ Òṣogbo òde òní léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá ilé-iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni yóò pè. Irọ́ ni o! Òṣogbo níbí ni. Ní 1933 ni ilé-iṣẹ́ British American Tobacco fi ilé-iṣẹ́ kékeré kan dán an wò níbẹ̀. 1937 ni ti Ìbàdàn tó dé. Ọkọ̀ ojú irin kúkú ti wọ Òṣogbo láti 1907.

Mo wọkọ̀ láti Iléṣà, ọ̀kadà ló gbé mi dé Dàda Estate, nílé bàbá olùkọ́ kan t'ó ti fẹ̀yìntì. Níbẹ̀ ni mo ti rí agolo tábà kan, irú èyí tí wọ́n ń fi páìpù fà. Láti 1986 ni wọ́n ti rà á. Dókítà ní kí Bàbá jáwọ́, wọ́n sì jáwọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ju agolo yìí nù.

Ẹ̀yin t'ẹ́ ẹ mọ bí irú ṣe ń rà, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín. Tábà inú agolo tí wọ́n dí pa kì í sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ á máa dúdú sí i, èyí t'ó ń ta ọ̀fun á rọlẹ̀, òórùn rẹ̀ á dàbí èso gbígbẹ. Ewé Vájíníà ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, nítorí ṣúgà inú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn gbìn ín dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ìpáàrà bá lu agolo ní ihò bí ojú abẹ́rẹ́ péré, ó parí! Ewé á gbẹ bíi koríko ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Bàbá ò fi gbé e sókè lábẹ́ páànù t'ó ń gbóná. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, lórí pákó, kí omi ilẹ̀ má baà kàn án.

Ìyá ò fẹ́ rí i. "Bàbá àwọn ọmọ, ohun tí ẹ ò fà mọ́, kí lẹ fi ń ṣe? Àbí kí ọmọ-ọmọ yín rí i fà?"

"Ìyá àwọn ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n san gbèsè owó oṣù mẹ́ta fún mi ni mo rà á. Ọjọ́ yẹn ni mo fi pamọ́, kì í ṣe tábà."

Ẹnu mi ò gbà á láti dá ẹjọ́ tọkọtaya. Síbẹ̀, ìyá jàre níbì kan: agolo lè mú tábà dùn, kò lè mú oró rẹ̀ kúrò. Tábà t'ó pẹ́ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára bí èyí t'ó dé lánàá.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti gbà kí agolo náà wọ inú àpótí t'ó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò máa gbé ọwọ́ rẹ̀ ni wọn ò tíì rí bá ara wọn sọ.